Ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ ògiri aọ́tà: ṣé kò sóògùn tó lè dí i lẹ́nu ni?

Àkọ́bí_Bàbá

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 71. Inú rírun ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn lóṣù tó kọjá, wọ́n ní kí wọ́n ṣe síkáànù. Ohun tí wọ́n ń wá, wọn ò rí i. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò wá ni wọ́n bá pàdé: aọ́tà wọn, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde tó sì gba àárín ikùn kọjá, ti wú. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4.2. Dókítà ní níbi ikùn yẹn, bíi 2 ló yẹ kó jẹ́, bó bá ti pé 3 ó ti di àìsàn. Ẹ wá gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀ lé e: "Ẹ máa lọ sílé, ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Bàbá sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Èmi ni mi ò sùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé kiri. Mo kà á pé ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń jẹ́ MMP-9, pé òun ló ń jẹ ògiri aọ́tà díẹ̀díẹ̀ títí á fi fẹ́lẹ́. Mo tún kà á pé doxycycline, oògùn apakòkòrò tí gbogbo ayé mọ̀, máa ń dí ẹ́ńsáìmù yìí lẹ́nu. Bí a bá mọ olè, tí okùn tí a ó fi dè é sì wà nílẹ̀, kí ni a tún ń padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ ṣe? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kàn ra á kí n máa fún wọn. Mo ní kí n gbọ́ tẹnu yín ná.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ẹ má rà á. Mo fẹ́ kí ìyẹn ṣáájú, àwọn tó mọ̀wé máa tó dé wá ṣàlàyé ìyókù.

Ọdún kan tí dókítà dá fún yín kì í ṣe àìbìkítà. Aọ́tà ikùn tó bá wà láàárín 4.0 sí 4.9, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sábà máa ń wò ó. Fún ọkùnrin, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ kì í sábà wáyé títí á fi tó 5.5, torí iṣẹ́ abẹ náà ní ewu tirẹ̀. Wọ́n ti dán an wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn 1,090 ni, tiwọn wà láàárín 4.0 sí 5.5. Wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan, wọ́n ń fi síkáànù ṣọ́ apá kejì. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 1998, àwọn tí wọ́n tètè là kò pẹ́ láyé ju àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ lọ.

Ìbéèrè tèmi fún yín: ṣé Bàbá ń mu sìgá? Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Kí ni gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò báyìí? Ẹ sì kọ èyí síbi tí gbogbo ilé á ti rí i: bí ikùn tàbí ẹ̀yìn bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n gan-an, tí òógùn tútù bò wọ́n, tí òòyì ń kọ́ wọn, ẹ má ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ilé ìwòsàn tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ ni kí ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.

Oníjẹ́ẹ̀lì

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ó jọ pé èmi ni "àwọn tó mọ̀wé" yẹn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi bá MMP-9 gbé inú láàbù kan náà, mo mọ ìwà rẹ̀ ju ti àwọn àbúrò mi kan lọ.

Ògiri aọ́tà kì í ṣe awọ lásán. Ìpele mẹ́ta ni, ti àárín ló sì ń ṣe làálàá jù. Elastin wà níbẹ̀, ó ń nà ó ń súnkì bíi rọ́bà bí ọkàn ṣe ń lù. Collagen wà níbẹ̀, òun ni okùn tí kì í jẹ́ kí rọ́bà yẹn nà kọjá ààlà. Sẹ́ẹ̀lì iṣu ẹran wà láàárín wọn, wọ́n ń tún ibi tó bá bàjẹ́ ṣe. Bí ẹ bá fi aró dúdú kun ògiri aọ́tà tó dá pé, tí ẹ gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, ẹ ó rí elastin bí ìlà dúdú tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ, ọ̀kan lórí èkejì bí ojú ewé ìwé. Ẹ wá gbé èyí tó ti wú síbẹ̀. Ìlà ti já sí wẹ́wẹ́, ibòmíì wà tí ẹ ò ní rí ìlà kankan. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé mo ti ba aró jẹ́ ni.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ elastin yìí sọ́kàn, a máa padà sí i. Inú oyún àti ìgbà èwe ni ara ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó ti dàgbà kì í rí òmíràn tó gbámúṣé ṣe mọ́. Èyí tó bá já ti já nìyẹn.

Ó wá kan MMP. Ìdílé ńlá ni, wọ́n lé ní 20 lára èèyàn. Síǹkì tó wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni eyín tí wọ́n fi ń gé nǹkan. Ìrù ọmọ àkèré ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú wọn lọ́dún 1962, nígbà tí Jerome Gross àti Charles Lapiere ń wá ibi tí ìrù yẹn ń gbà lọ bí ọmọ àkèré bá ń di àgbà. Wọ́n bá ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ collagen ìrù náà. Nítorí náà iṣẹ́ rere ni a fi rán wọn wáyé: wọ́n ń wó ohun tó ti gbó kí tuntun lè rí ààyè dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń fojú rí wọn, torí òun ni mo ṣe ń jẹ́ orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí. A ó po gelatin mọ́ jẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ kan. A ó lọ ẹran aọ́tà kékeré, a ó kán omi rẹ̀ sí ẹnu jẹ́ẹ̀lì, a ó fi iná mànàmáná wọ́ ọ kọjá, kí ẹ́ńsáìmù kọ̀ọ̀kan dúró síbi tí ìwọ̀n rẹ̀ bá gbé e dé. A ó fọ̀ ọ́, a ó fi í sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà a ó pa gbogbo rẹ̀ láró búlúù. Ibi gbogbo á búlúù, àfi ìlà funfun méjì: ti òkè ni MMP-9, ti ìsàlẹ̀ ni MMP-2. Funfun yẹn ni ibi tí wọ́n ti jẹun ní gbogbo òru. Bó bá jẹ́ aọ́tà aláìlárùn, ìlà òkè á rọra hàn fírífírí. Bó bá jẹ́ èyí tó ti wú, ó máa ń funfun gbòò débi pé ẹ ó rí i láti ẹnu ọ̀nà.

Mo_ń_Béèrè

Àǹtí Oníjẹ́ẹ̀lì, ó yé mi. Ṣùgbọ́n kí lẹ fi mọ̀ pé òun ló wú u? Panápaná náà kì í wọ́n níbi tí ilé bá ti ń jó, ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé àwọn ló dáná.

Oníjẹ́ẹ̀lì

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Wọ́n fi eku wá ìdáhùn rẹ̀, èsì jáde lọ́dún 2000. Wọ́n fi elastase, ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń gé elastin, fọ inú aọ́tà eku. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, aọ́tà eku á wú. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún eku tí wọ́n ti yọ jíìnì MMP-9 kúrò lára rẹ̀, aọ́tà tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wú. Wọ́n wá gba mùdùnmúdùn egungun lára eku tó ní MMP-9, wọ́n fi sára eku tí kò ní. Wíwú padà dé. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó wọ inú ògiri ló ru ọ̀bẹ wá, kì í ṣe pé ògiri ń fúnra rẹ̀ jẹra rẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, àmọ́ kòkòrò eléyìí ti ìta wọlé ni.

Nínú ìwádìí kan náà yẹn, wọ́n fún eku tó ní MMP-9 ní doxycycline. Aọ́tà tiwọn náà kò wú tó bẹ́ẹ̀.

Mo_ń_Béèrè

Ẹ ò rí nǹkan! Ó ṣiṣẹ́ lọ́dún 2000, ibo la wá bá a dé? Èmi ò rí ìdí kankan ju pé oògùn náà ti wà lọ́jà tipẹ́, kò sí èrè tuntun lára rẹ̀, kò sílé iṣẹ́ oògùn tó fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣòfò lórí rẹ̀.

Oníjẹ́ẹ̀lì

Ọ̀rọ̀ yín ì bá ta létí bó bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò dán an wò. Wọ́n dán an wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Netherlands, èèyàn 286, doxycycline miligíráàmù 100 lójúmọ́ fún oṣù 18, hóró tí kò ní nǹkan kan nínú fún apá kejì. Èsì jáde lọ́dún 2013. Aọ́tà àwọn tó ń lo oògùn fẹ̀ sí i ní mìlímítà 4.1. Ti àwọn tí kò lò ó fẹ̀ ní 3.3. Ẹ tún un kà: oògùn náà ò dín in kù, àfi bíi pé ó tì í síwájú díẹ̀.

Ni Amẹ́ríkà bá fi owó ìjọba ṣe tiwọn, torí ó lè jẹ́ pé oògùn ti ìṣáájú ló kéré. Èèyàn 261, miligíráàmù 100 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ọdún méjì gbáko. Ọdún 2020 ni èsì jáde. Mìlímítà 3.6 fún àwọn tó lò ó. Mìlímítà 3.6 fún àwọn tí kò lò ó. Mo wà níbi tábìlì mi lọ́jọ́ tí mo ka nọ́ńbà méjèèjì yẹn, mo sì dìde lọ rìn kiri.

Àkọ́bí_Bàbá

Mo ti ń wá ilé ìtajà oògùn lórí fóònù kí n tó ka èyí. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n kí ló fà á? Ẹ́ńsáìmù kan náà ha kọ́ ló wà lára eku àti èèyàn?

Oníjẹ́ẹ̀lì

Kan náà ni. Àsìkò ni kì í ṣe kan náà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é fún eku. Ara eku dá ṣáṣá láàárọ̀, wọ́n dá ọgbẹ́ sí i lára, oògùn sì ti wà nílẹ̀ ní gbàrà tí sẹ́ẹ̀lì funfun bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó parí. Bàbá yín ńkọ́? Bóyá ogún ọdún sẹ́yìn ni ìlà dúdú àkọ́kọ́ ti já nínú ògiri wọn. Nígbà tí síkáànù fi rí 4.2, elastin ibẹ̀ ti lọ jìnnà. Ẹ rántí pé mo ní a máa padà sí elastin? Kò ní padà hù. Bí ẹ bá dí ẹ́ńsáìmù lẹ́nu lónìí, oúnjẹ ti tán lórí àwo.

Collagen ló wá ku ògiri náà kù, òun nìkan ló ń dì í mú. Ara sì ń tún collagen ṣe lójoojúmọ́: ó ń wó ti àtijọ́, ó ń fi tuntun dípò. MMP wà lára àwọn tó ń wó o. Tí ẹ bá so gbogbo wọn lọ́wọ́, ẹ ti so lébìrà mọ́ olè. Èrò tèmi nìyẹn lórí nọ́ńbà Netherlands yẹn, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Àwọn tó ń wo àrùn jẹjẹrẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n ṣe oògùn kan, marimastat, tó ń dí ọ̀pọ̀ MMP lẹ́nu pa pọ̀. Kò dá jẹjẹrẹ dúró bí wọ́n ṣe rò, oríkèé sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn tó ń lò ó, èjìká wọn gan pa. Wọ́n pa á tì.

Àti pé MMP-9 kì í dá jẹun. Àwọn cathepsin, ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń gé nǹkan, wà níbẹ̀, elastase tó ń ti ara sẹ́ẹ̀lì funfun jáde wà níbẹ̀. Ẹ dè ọ̀kan, èkejì jókòó sáyè rẹ̀.

Mo_ń_Béèrè

Ta ló tilẹ̀ kọ́kọ́ ronú pé oògùn apakòkòrò lè dí ẹ́ńsáìmù lẹ́nu?

Apòògùn

Àwọn oníṣègùn eyín ni! Ọdún 1983 ni Lorne Golub àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé ìdílé oògùn tí doxycycline ti wá ń dín ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ èrìgì kù, kódà níbi tí kòkòrò ò sí. Lọ́dún 1998, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí hóró kékeré, miligíráàmù 20 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún àrùn èrìgì. 20 yẹn kò tó pa kòkòrò, ẹ́ńsáìmù nìkan ló ń bá jà. Nítorí náà èrò náà kì í ṣe èrò òmùgọ̀. Lẹ́nu, ó ṣiṣẹ́. Nínú aọ́tà, kò ṣiṣẹ́.

Gíga-bí-Ọ̀pẹ

Ẹ jẹ́ kí èmi tí wọ́n ti la àyà rẹ̀ sọ tèmi. Àìsàn Marfan ni wọ́n bí mọ́ mi. Orúkọ mi níbí ti sọ ìyókù: mo ga, apá mi gùn, ojú mi ò ríran dáadáa láti kékeré. Tèmi yàtọ̀ sí ti Bàbá yín. Ìdí aọ́tà, níbi tó ti ń jáde látinú ọkàn gan-an, ni tiwa ti ń wú, ewu tiwa sì ni pé inú ògiri á fàya, ẹ̀jẹ̀ á wọ àárín ìpele rẹ̀. Jíìnì kan tó ń jẹ́ FBN1 ló bàjẹ́, ọdún 1991 ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Òun ló yẹ kó máa ṣe fibrillin, ohun tí elastin ń fara ti. MMP-2 àti MMP-9 máa ń pọ̀ nínú ògiri tiwa náà, ṣùgbọ́n àwa kì í ṣe eléyìí tí olè ti ìta wá bá. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Tiwa ti lanu kí wọ́n tó bí wa.

Ọdún 2006 ni inú wa dùn jù lọ. Wọ́n fún eku tó ní Marfan ní losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lásán, aọ́tà wọn kò sì yàtọ̀ sí ti eku aláìlárùn mọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ẹ́ńsáìmù wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń jẹ́ ACE. Ó ń ṣe ohun kan tó ń jẹ́ angiotensin II, tó máa ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀ tó sì ń pariwo sí sẹ́ẹ̀lì ògiri létí. Losartan kò fọwọ́ kan ACE, etí sẹ́ẹ̀lì ló ń dí. Ìyá mi tẹ ìròyìn yẹn síta, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri yàrá mi.

Ọdún 2014 dé. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ 608 tó ní Marfan, losartan fún apá kan, atenolol, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, fún apá kejì, ọdún mẹ́ta. Kò sí ìyàtọ̀. Ìyá mi ò yọ bébà yẹn kúrò ṣá o.

Wọ́n sì jàre, nígbẹ̀yìn. Lọ́dún 2022, àwọn kan kó gbogbo ìwádìí yẹn jọ, wọ́n tún ìṣirò rẹ̀ ṣe pa pọ̀. Àwọn oògùn irú losartan dín bí ìdí aọ́tà ṣe ń fẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdajì fún àwọn tí wọn ò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ. Oògùn irú atenolol náà ń ṣe tirẹ̀. Èmi ń lo méjèèjì lójoojúmọ́. Wọn ò dá àìsàn náà dúró o, wọ́n dín in kù. Mo lo ọdún mẹ́jọ lórí wọn kí tèmi tó dé ibi tí wọ́n fi ní kí n wá sórí tábìlì.

Àkọ́bí_Bàbá

Ẹ kú orí ire, bùrọ̀dá. Ẹ bá mi kí Màmá. Ṣé losartan lè bá Bàbá mi ṣe é náà?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Bí ẹ̀jẹ̀ wọn bá ga, dókítà lè fi sí i fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fún wíwú ti inú ikùn fúnra rẹ̀, kò tíì sí oògùn kankan tí a lè nawọ́ sí pé ó dín in kù. Ẹ má jẹ́ kí ti Marfan ru yín lójú, orúkọ wíwú aọ́tà nìkan ni méjèèjì jọ ń jẹ́. Ẹ ò sì tíì dá mi lóhùn lórí sìgá.

Mo_ń_Béèrè

Gbogbo ohun tí mo ń gbọ́ ni ẹ́ńsáìmù tó ń wó ilé. Ṣé kò sí èyí tó ń kọ́lé ni?

Oníjẹ́ẹ̀lì

Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí! Ó wà. Lysyl oxidase ni, LOX là ń pè é. Òun ló ń so elastin mọ́ elastin, collagen mọ́ collagen, kí wọ́n lè di okùn gidi. Láìsí i, òwú lásán ni wọ́n. Bàbà ló fi ń ṣiṣẹ́ bí MMP ṣe ń fi síǹkì ṣiṣẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi bàbà dù nínú oúnjẹ rẹ̀, aọ́tà rẹ̀ máa ń bẹ́. Irúgbìn olódòdó kan sì wà, Lathyrus odoratus, tí májèlé inú èso rẹ̀ ń so LOX lọ́wọ́. Ohun tó jọ májèlé yẹn ni àwa náà ń lò ní láàbù bí a bá fẹ́ kí aọ́tà eku fàya. Lọ́dún 2016 wọ́n rí ìdílé tí jíìnì LOX wọn bàjẹ́, tí aọ́tà ń wú tó sì ń fàya láti ìran dé ìran.

Bí ẹ bá bi mí, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí owó ìwádìí máa lọ. Ogún ọdún la fi lé àwọn tó ń wólé. Kò tíì sẹ́ni tó mọ bí a ṣe lè mú àgbàlagbà ṣe elastin tuntun kó sì dúró síbi tó yẹ. Kí ẹnikẹ́ni má lọ máa gbé oògùn bàbà mì torí ọ̀rọ̀ mi o. Ẹni tí bàbà ara rẹ̀ pé, àlékún ò ṣe é ní nǹkan kan ju ìpalára lọ.

Apòògùn

Àkọ́bí_Bàbá, Àǹtí Nọ́ọ̀sì bi yín ní gbogbo oògùn tí Bàbá ń lò, ẹ fò ó. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn nìyí. Apakòkòrò kan wà tí ẹ ń sá tẹ̀ lé, òmíràn sì wà tó yẹ kí ẹ sá fún. Ìdílé fluoroquinolone ni: ciprofloxacin, levofloxacin, moxifloxacin. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé wọ́n lè já iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀, láti 2008 ni ìkìlọ̀ tó lágbára jù ti wà lára páálí wọn ní Amẹ́ríkà lórí ìyẹn. Collagen ló pọ̀ jù nínú iṣan yẹn. Collagen náà ló ku ògiri aọ́tà Bàbá kù. Nínú láàbù, ciprofloxacin máa ń mú kí MMP pọ̀ sí i, ó sì ń dín LOX tí Àǹtí Oníjẹ́ẹ̀lì ń sọ yìí kù. Ní December 2018, FDA kìlọ̀ pé kí wọ́n má fún ẹni tí aọ́tà rẹ̀ ti wú, àfi bí kò bá sí oògùn mìíràn tó lè ṣe é.

Àkọ́bí_Bàbá

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àpò oògùn Bàbá ni. Àpò bébà kékeré kan wà nísàlẹ̀, wọ́n fi bírò kọ "lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́" sí i lára, kò sórúkọ. Mo yọ páálí inú rẹ̀, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú iná. Ciprofloxacin 500. Ó ku hóró mẹ́ta. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ lọ fún inú rírun, kó tó di pé wọ́n ṣe síkáànù, ni wọ́n ti fún wọn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè nígbà tí síkáànù jáde. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ẹ fara balẹ̀, àbúrò. Ẹ gbọ́. Ewu náà kéré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ló ti lò ó lọ tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Àwọn tó kọ́kọ́ fún wọn kò mọ̀ pé aọ́tà ti wú. Ẹni tó ka síkáànù ló yẹ kó béèrè. Ẹ pe dókítà yẹn láàárọ̀ yìí, kí ẹ tó fún wọn ní hóró mìíràn, ẹ ka orúkọ ẹ̀yìn páálí fún un. Òun ni kó sọ bóyá kí wọ́n dá a dúró tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì ní kó kọ ọ́ sínú fáìlì Bàbá gàdàgbà.

Mo_ń_Béèrè

Títí dìgbà tí wọ́n á fi pè é: ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ metformin, oògùn àtọ̀gbẹ. Mo kà á pé àwọn alátọ̀gbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní wíwú aọ́tà inú ikùn.

Oníjẹ́ẹ̀lì

Òótọ́ ni, ó sì ya gbogbo wa lẹ́nu, torí àtọ̀gbẹ kì í ṣoore fún òpó ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Nígbà tí wọ́n wo ìwé àwọn aláìsàn, aọ́tà àwọn tó ń lo metformin ló rọra ń fẹ̀ jù. Ìwé aláìsàn nìyẹn ṣá, doxycycline náà dára nínú ìwé kó tó délé ẹjọ́. Ìwádìí ń lọ lórí àwọn tí kò ní àtọ̀gbẹ. Èmi ń dúró de nọ́ńbà.

Gíga-bí-Ọ̀pẹ

Nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà mí, Einstein ni mo máa ń rántí. Lọ́dún 1948, Rudolf Nissen la ikùn rẹ̀, ó bá aọ́tà tó ti wú. Kò tíì sí òpó àtọwọ́dá tó lè fi rọ́pò rẹ̀ nígbà yẹn, ló bá fi cellophane, ọ̀rá tí wọ́n fi ń wé nǹkan, wé e! Ọ̀rá yẹn ṣe ju ọdún mẹ́fà lọ. Aọ́tà náà bẹ́ ní April 1955, Einstein ní òun ò ṣiṣẹ́ abẹ mọ́. Páìpù tó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ò dáhùn ìbéèrè sìgá, mò ń wò yín.

Oníjẹ́ẹ̀lì

Ó mọ ibi tó ń lù! Èéfín sìgá ń ba purotéènì tó yẹ kó dá elastase dúró jẹ́, ó sì ń pe sẹ́ẹ̀lì funfun wọlé. Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ yí padà, kò sí èyí tó tó o lórí wíwú yìí.

Àkọ́bí_Bàbá

Mo padà dé. Dókítà gbé fóònù. Ó dákẹ́ díẹ̀ nígbà tí mo ka ẹ̀yìn páálí fún un, ó ní kí wọ́n má lò ó mọ́, inú tó ń run wọ́n gan-an kò tilẹ̀ nílò apakòkòrò. Ó ti kọ ọ́ sínú fáìlì. Ó ní ẹ̀jẹ̀ wọn ga díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ká wá lọ́jọ́bọ̀ kí wọ́n tún un wọ̀n, ó lè bẹ̀rẹ̀ oògùn fún un. Mo bi í nípa doxycycline, ó ní ta ló kọ́ mi ní gbogbo èyí.

Ó tún ní bí síkáànù ọdún tó ń bọ̀ bá sọ pé 4.4, kí n má fò sókè: ọwọ́ ẹni tó wọ̀n ọ́n nìkan lè fi mìlímítà méjì yà.

Sìgá: Bàbá ní àwọn ti jáwọ́ láti ọdún 2009. Màmá rẹ́rìn-ín láti kíṣìnì. A rí páálí kan lẹ́yìn rédíò, ó ku mọ́kànlá nínú rẹ̀. Bàbá ní ẹyọ kan ṣoṣo ni lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, pé ẹyọ kan kì í ṣe sìgá mímu. Mo ka ọ̀rọ̀ Àǹtí Oníjẹ́ẹ̀lì lórí elastase sí wọn létí, wọ́n ní ta ni Oníjẹ́ẹ̀lì, ọmọ ta ni. Màmá ti kó ìṣáná pamọ́. Bàbá ní kí n bá wọn wá a, mo ní mi ò rí i.